Ọpọ́n Ifá lórí CNC: sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ wo ni ká fi gbẹ́ ojú Èṣù?

Oníṣẹ́_Lántòrò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ rèé: ọpọ́n Ifá rìbìtì, 300 mm láti etí dé etí, igi ọmọ tó nípọn 30 mm. Etí ọpọ́n fẹ̀ tó 45 mm yí ká, ojú Èṣù kan ṣoṣo ló máa wà lókè. Ẹ̀rọ CNC náà (ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gé igi) jẹ́ 6040 tó ń lo GRBL (sọ́fítíwià tó ń darí mọ́tò rẹ̀), ráútà rẹ̀ tó ń yí bíìtì jẹ́ 800 W. Láptọ́ọ̀pù ní RAM 8 GB, kò ní káàdì àwòrán. Owó Aspire (sọ́fítíwià gbígbẹ́ tí wọ́n ń tà) kò sí. Èwo nínú àwọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ló lè gbẹ́ ojú yẹn, kí ẹ̀rọ sì rí i gé? Blender wà nílẹ̀, àmọ́ bọ́tìnnì inú rẹ̀ pọ̀ bí eéṣú.

Ẹnu_Bíìtì

Iṣẹ́ méjì lẹ pè ní ọ̀kan yẹn. Gbígbẹ́ ojú lórí kọ̀ǹpútà wà lọ́tọ̀; ṣíṣètò ọ̀nà tí bíìtì máa gbà, èyí tí à ń pè ní CAM, wà lọ́tọ̀. Sọ́fítíwià tó mọ àkọ́kọ́ ṣe lè má mọ èkejì rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi ń gbẹ́ ohun tó rẹwà tán, tó wá ń wá G-code (àṣẹ tí ẹ̀rọ ń kà) kiri inú Blender bí ẹni wá abẹ́rẹ́.

Fún gbígbẹ́, ẹ fi SculptGL bẹ̀rẹ̀. Inú bíráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù pàápàá. Bọ́ọ̀lù kan ló máa kọ́kọ́ gbé síwájú yín, symmetry ti wà ní títàn, ohun tí ẹ bá ṣe ní òsì á hàn ní ọ̀tún. Ẹ fi ọjọ́ méjì tẹ̀ ẹ́ bí amọ̀ kí ọwọ́ yín lè mọ̀ ọ́n. Ó ń gbé STL (fáìlì tó ń gbé ère náà lọ sínú CAM) jáde. Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ mìlímítà, ẹ kò lè ní kí etí ọpọ́n fẹ̀ ní 45 mm géérégé. Ẹni kan náà tó ṣe é ló ṣe Nomad, àmọ́ owó ni wọ́n ń fi ra ìyẹn.

Iṣẹ́ gidi, Blender ni. Ẹ má gbé ẹ̀dà tó tuntun jù sórí láptọ́ọ̀pù yẹn: láti 4.0 ló ti ń béèrè OpenGL 4.3 (ètò tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà), láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kì í sì í sábà ní in. Ẹ̀dà 3.6 LTS ṣì ń gba OpenGL 3.3. Ẹ gba èyí tó jẹ́ zip, ẹ tú u sínú fódà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí.

Sculptris? Ọwọ́ rẹ̀ dùn, ọ̀fẹ́ náà ni, àmọ́ wọ́n ti pa á tì. Meshmixer ti Autodesk bákan náà. Ẹni tó bá ní in tẹ́lẹ̀ lè fi Inspector inú rẹ̀ dí ihò ara STL. Ẹ má torí wọn jó dátà.

Ọmọ_Ìtòkò

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti sọ́fítíwià, ẹ jẹ́ ká sọ ti ọwọ́. Nínú gbogbo eéṣú yẹn, mẹ́fà péré lẹ máa lò. Grab ń fa amọ̀. Clay Strips ń kó amọ̀ lé e. Bí ẹ bá di Ctrl mú, á máa gbẹ́ wọlé. Scrape ń há ibi tó yọ. Crease ń la ilà. Mask ń bo ibi tí ẹ kò fẹ́ kí ọwọ́ kàn. Smooth ń dán an, Shift lẹ máa dì mú, ẹ kò ní wá a kiri. F ló ń mú ẹnu irinṣẹ́ tóbi tàbí kó kéré.

Àwọn agbẹ́gilére wa ti ní ètò tó bá èyí mu kí kọ̀ǹpútà tó dé: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Ẹ má fo ọ̀kankan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí fínfín, ìpéǹpéjú tó fi wákàtí mẹ́ta ṣe ló máa pa rẹ́ nígbà tó bá rí i pé imú wọ́.

Ẹ ya ojú náà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí nǹkan tirẹ̀, 45 mm ní gíga, 40 mm ní ìfẹ̀. Ẹ má gbẹ́ ẹ lára ọpọ́n. Ìdí rẹ̀ á hàn láìpẹ́.

Ọnà lílé: voxel (ìwọ̀n èérún tí Blender fi ń hun ère) 2 mm, Grab àti Clay Strips nìkan. Ní ìwọ̀n yìí ojú àti ètè kò tilẹ̀ lè hàn, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn. Iwájú orí, imú, àgbọ̀n. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́: bí kò bá tíì jọ orí, ẹ má kúrò níbẹ̀.

Àlétúnlé: voxel 0.8 mm, ẹ tẹ Ctrl+R kó tún ara rẹ̀ hun. Ibí lẹyinjú ti ń yọ. Ojú ère Yorùbá kì í sùn sínú agbárí, ó máa ń yọ síta ni. Ẹ jẹ́ kó yọ ju bó ṣe tó lójú yín lọ, torí ẹ ṣì máa tẹ gbogbo rẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ́yìn náà.

Dídán: voxel 0.4 mm, Smooth pẹ̀lú agbára 0.3. Ẹ fi agbára 1 sí i, imú á yọ́ bí òrí inú oòrùn.

Fínfín: voxel 0.25 mm, ìpéǹpéjú, ilà ojú, irun. Nígbà tí ojú bá dá wà, voxel 0.25 mm kò ní ju bíi 80,000 polygon (ojú kéékèèké tó para pọ̀ di ère) lọ, láptọ́ọ̀pù 8 GB á gbé e láìmí. Bí ẹ bá fi voxel kan náà hun gbogbo ọpọ́n, á lé ní mílíọ̀nù 2. Lẹ́yìn fínfín, ẹ má tún tẹ Ctrl+R pẹ̀lú voxel tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, á jẹ gbogbo ilà.

Oníṣẹ́_Lántòrò

Ẹ ṣé gan-an. Ọpọ́n ti wà nínú Blender, 300 ni mo fi ṣe ìbú. Mo tẹ Ctrl+R lórí rẹ̀, láptọ́ọ̀pù dákẹ́ láti ìṣẹ́jú 10. Ṣé ó ti kú ni?

Ẹnu_Bíìtì

Kò kú, ẹrù ló pọ̀ jù fún un. Ẹ pa á. Voxel tí Blender fúnra rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ jẹ́ 0.1. Lórí bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ ní 2 kò burú, àmọ́ lórí ọpọ́n tó fẹ̀ ní 300, ẹ ṣírò rẹ̀: òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan á gbà ju mílíọ̀nù 14 polygon lọ. Ẹ yí voxel sí 2 kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹ sì rántí Ctrl+A, Scale, kí ẹ tó wọ Sculpt Mode, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu irinṣẹ́ á gùn bí ẹyin.

300 tí ẹ lò yẹn dára, ẹ fi sílẹ̀. STL kì í gbé ìwọ̀n dání, òǹkà lásán ló wà nínú rẹ̀. CAM á ka 300 sí 300 mm. Ẹni tó bá fi 0.3 mítà ṣe é á rí ọpọ́n tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Òun ní láti fi 1000 sí Scale nígbà tó bá ń gbé e jáde. Bí ọpọ́n bá ń ge lójú yín nígbà tí ẹ bá sún un jìnnà, ẹ tẹ N, View, ẹ fi 5000 sí Clip End.

Abẹ́_Olúmọ

Ẹ fi èyí sọ́kàn kó tó di pé ẹ fín nǹkan kan. Ẹ̀rọ yín ń wo igi bí òjò ṣe ń wo ilẹ̀. Ibi tí òjò tó ń rọ̀ gbọnrangandan kò lè kàn, bíìtì kò lè kàn án. Abẹ́ imú, ẹ̀yìn etí, abẹ́ àgbọ̀n: igi ló máa dúró síbẹ̀ bí ògiri. Ẹ lọ sí View, Viewpoint, Top. Ohun tí ẹ kò bá rí láti òkè, ẹ má fi oorun yín san án.

Èkejì ni ẹnu bíìtì. Ball nose (bíìtì olórí rìbìtì) 3 mm kò lè wọ kòtò tó fẹ̀ ní 2 mm. Orí rẹ̀ lá gbà kọjá, kòtò á sì pa rẹ́ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Ìlà tó wà láàárín ẹyinjú àti ìpéǹpéjú ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà méjì ló wà: ẹ jẹ́ kí gbogbo kòtò fẹ̀ ju 3 mm lọ, tàbí kí ẹ lo bíìtì olórí ṣóńṣó tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 1 mm fún ojú nìkan, torí ibi tó kéré ni. Mo fara mọ́ èkejì. Lórí ojú tó jẹ́ 40 mm, ẹyinjú kan kò ní ju bíi 11 mm lọ. Ẹ wo iye tí kòtò 3 mm máa jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, gíga. Pákó 30 mm kò túmọ̀ sí pé kí ojú ga ní 30 mm. Ẹ jẹ́ kí ojú Èṣù ga ju àárín ọpọ́n lọ ní 12 mm, kí etí yòókù ga jù ú lọ ní 6 mm, kí 18 mm kù sábẹ́. Ẹ tẹ S, Z, ẹ kọ òǹkà tó máa bá 12 mm mu. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ báyìí, ojú á dà bí ẹni tó sùn. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi láti Ìtòkò fi ní kí ẹ yọ ọ́ jù níṣàájú.

Àwòrán_Dúdú

Gbogbo wàhálà yìí ńkọ́? Àwòrán dúdú àti funfun ṣáà wà tí ẹ̀rọ lè kà: funfun ga, dúdú jìn. Ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ gé e.

Ọmọ_Ìtòkò

Fún ìhun etí ọpọ́n tó jìn ní 2 mm, mo gbà. Fún ojú, rárá. Àwòrán 8-bit ní ìpele 256 péré. Lórí 12 mm, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi 0.05 mm. Ìyẹn nìkan, sáńpépà á tún un ṣe. JPEG ló burú: bó ṣe ń fún àwòrán pọ̀, ó ń da ìdọ̀tí kéékèèké sí i, ẹ̀rọ á sì fi tọkàntọkàn gé ìdọ̀tí náà sára iwájú orí bí èélá. PNG 16-bit ni kí ẹ lò bó bá di dandan.

Ẹnu_Bíìtì

Ó yá, CAM. Kiri:Moto ọ̀fẹ́ ni, inú bíráúsà ló wà. BlenderCAM tí wọ́n ń pè ní Fabex báyìí náà wà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi Kiri:Moto mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó gbé STL síbẹ̀: ẹ fi Boolean Union so ojú mọ́ ọpọ́n, lẹ́yìn náà ẹ fi Decimate dín in kù. Polygon onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan nínú STL jẹ́ 50 byte, nítorí náà mílíọ̀nù 2 jẹ́ 100 MB, bíráúsà á pòfóló. 300,000 jẹ́ 15 MB, ó tó gẹ́ẹ́.

Gígé àkọ́kọ́: bíìtì pẹrẹsẹ 6 mm eléyín méjì, kó máa sún 2.4 mm sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa jìn ní 2 mm lẹ́ẹ̀kan, kó fi 0.5 mm sílẹ̀ lára. Ráútà 800 W lè gba ju 2 mm lọ, apá ẹ̀rọ 6040 ló máa gbọ̀n.

Eré: 18,000 ìyípo × eyín 2 × 0.04 mm tí eyín kọ̀ọ̀kan ń mú = 1,440 mm ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá gbé ráútà sí 30,000, tó wá ń rìn ní 600 nítorí ìbẹ̀rù, eyín bíìtì rẹ̀ ń mú 0.01 mm péré. Kò gé igi mọ́, ó ń fi ara pa á ni. Èéfín àti ojú dúdú ara igi ibẹ̀ ló ti ń wá.

Gígé àṣekágbá: ball nose 3 mm. Gíga òkè kéékèèké tó ń kù láàárín ìlà méjì ni ìwọ̀n ìsún lọ́nà ara rẹ̀, pín sí ìlọ́po 8 ìdajì ẹnu bíìtì. Ìsún 0.3 mm fi 0.0075 mm sílẹ̀. Ìsún 0.6 mm fi 0.03 mm sílẹ̀: àkókò dín kù sí ìdajì, òkè di ìlọ́po mẹ́rin. 0.4 mm tó fún igi tí sáńpépà ṣì máa kàn.

Kútọ̀_3018

Ẹ fi 0.1 sí i kó dán bíi dígí.

Ẹnu_Bíìtì

Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Etí ọpọ́n nìkan jẹ́ bíi 36,000 mm². Ìsún 0.3 mm ní 1,500 mm ní ìṣẹ́jú kan gba ìṣẹ́jú 80. Ìsún 0.1 mm gba wákàtí 4. Níbí tí a wà yìí, ta ló fún yín ní iná wákàtí 4?

Ohun tó ń jẹ àkókò gan-an ni àárín ọpọ́n. Ibi pẹrẹsẹ tí wọ́n ń tẹ ìyẹ̀rosùn sí, 210 mm ní ìbú, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ọpọ́n. Kí lẹ fẹ́ fi ball nose ṣe níbẹ̀? Á kàn fi ilà sílẹ̀ ni. Nínú contour ti Kiri:Moto, ẹ tan curves only kí bíìtì fo ibi pẹrẹsẹ. Ẹ wá fi FreeCAD ya rìbìtì 210 mm, ẹ fi Pocket Shape àti bíìtì pẹrẹsẹ 6 mm gé e dé ìjìn tó kẹ́yìn. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú 157 ni ball nose máa fi rìn dípò 80. Ibi tí ojú Èṣù kò bá kọjá 45 mm ti etí, kò ní sí ìjà láàárín fáìlì méjèèjì.

Iye àkókò tí CAM máa kọ síbẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́ pátápátá. Bí $110 àti $111 (òpin eré X àti Y) nínú GRBL bá jẹ́ 1000, ẹ̀rọ kò ní rìn ju 1,000 lọ, ohun yòówù tí ẹ kọ sínú fáìlì.

Abẹ́_Olúmọ

Lórí iná: ẹ má fi ìnfátà gbé GRBL àti láptọ́ọ̀pù nìkan, kí ẹ wá fi ráútà sí iná NẸ́PÀ. Bí iná bá lọ, ráútà á dúró, ẹ̀rọ á máa rìn, á sì wọ́ bíìtì tó ti kú gba inú igi. Bíìtì 3 mm á kán ká tó ṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn wà lórí ìlà kan náà kí wọ́n lè kú pọ̀.

Nígbà tí iná bá padà dé, GRBL ṣì rántí G54 (àyè òdo tí ẹ fi lélẹ̀), àmọ́ kò mọ ibi tí òun wà mọ́. Ẹ̀rọ tó ní homing switch (bọ́tìnnì tó ń fi ilé han ẹ̀rọ), ẹ kọ́kọ́ tẹ $H kó lọ sílé, àyè òdo yín á padà sí ibi tó wà. Èyí tí kò ní switch, ẹ lu ihò kékeré méjì sí ara pákó ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè fi bíìtì tún un rí. Ẹ sì pín fáìlì àṣekágbá sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú 30 lọ.

Gẹdú_Gbígbẹ

Kò sẹ́ni tó tíì béèrè bóyá ọmọ yẹn gbẹ. Pákó tó ti sọ́mìlì bọ̀ láàárọ̀, bí ẹ bá gé 12 mm kúrò lójú kan, ojú kejì á fà á, ọpọ́n á ká bí ewé. Ẹ wọn pákó náà lórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yí padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gbẹ dé ibi tó máa gbẹ dé nínú ilé yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ gé ojú náà lórí ahùn tàbí arère, kì í wọ́n, ẹ máa rí àṣìṣe yín níbẹ̀. Àmọ́ arère máa ń ta irun. Ẹ fi sanding sealer pa á, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún fáìlì àṣekágbá kan náà gbà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Irun tó ti le á gé mọ́lẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lo ìrókò: òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, bí ẹfun, kò hàn lójú pákó. Bíìtì tó bá kàn án á fọ́ eyín. Ekuru rẹ̀ náà kì í ṣe ohun à ń fà símú, ẹ bo imú.

Oníṣẹ́_Lántòrò

Ẹ ṣé o. Ìbéèrè méjì tó kù: lẹ́yìn tí mo bá pààrọ̀ bíìtì 6 mm sí 3 mm, níbo ni mo ti máa tún Z (òdo gíga) mú, nígbà tí ojú pákó ti lọ? Báwo ni mo ṣe máa gé ọpọ́n yọ kúrò lára pákó láì jẹ́ kó fò?

Abẹ́_Olúmọ

Ẹ má fi òdo Z sí ojú pákó láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí pákó MDF tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ fi sí, nínú CAM àti lórí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ kò ní lọ síbì kankan bí ẹ bá pààrọ̀ bíìtì nígbà mẹ́wàá. Bébà lásán lẹ máa fi mú un, ẹ yọ 0.1 mm tí bébà fi nípọn. Bíìtì 3.175 mm kì í ṣe 3 mm. Collet (ohun tó ń di bíìtì mú) tiwọn yàtọ̀, ẹ má fi agbára fún un.

Ẹnu_Bíìtì

Fún gígé yọ: bíìtì 6 mm tó wọ́pọ̀ ní ọjà, ibi tó ní eyín lára rẹ̀ kò ju 22 mm lọ, pákó yín sì jẹ́ 30. Bí ẹ bá fi tipátipá gbé e wọlé, ọrùn rẹ̀ tí kò léyín á máa fi ara pa igi, á jóná. Ẹ ra èyí tí ibi eyín rẹ̀ gùn ju 32 mm lọ, kí ẹ fi tab (igi díẹ̀ tó ń di ọpọ́n mú mọ́ pákó) 4 sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan 8 mm ní ìfẹ̀, 3 mm ní ìnípọn, kí ẹ fi síkúrúù di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pákó níta rìbìtì. Tàbí kí ẹ gé 20 mm wọlé, kí ẹ fi jigsaw parí ìyókù, bíìtì á sì bá yín kalẹ́.

Ọmọ_Ìtòkò

Ẹ dojú ọpọ́n bolẹ̀, kí ẹ sì fi jigsaw gé e láti ẹ̀yìn, torí eyín abẹ jigsaw tó wọ́pọ̀ máa ń gé sókè. Tó bá jẹ́ láti iwájú, yóò fa etí tí ẹ ti fín ya.